Gígun Kẹ̀kẹ́ Lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ Ní Ìgbà Ọyẹ́

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ mu, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí òtútù òwúrọ̀ ń mú ara gbọ̀n, tí eruku sì bo ojú ọ̀nà.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni ó ti ń wá. Ìlú Ẹdẹ wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo, ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ifẹ̀ ti pàdé. Òṣogbo wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ní apá àríwá díẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yóò kọjú sí afẹ́fẹ́ ní àlọ, yóò sì kẹ̀yìn sí i ní àbọ̀. Àlọ ni iṣẹ́ wà.

Ojú kò rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ti ènìyàn sẹ́yìn. Bí eré kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni iwájú ni ó ń la ọ̀nà. Ẹni tí ó tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí dà bí ẹni tí ó sá sẹ́yìn ògiri. Bí eré bá pọ̀, ó lè dín agbára tí yóò lò kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń gba ipò iwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ó bá rẹ ẹni kan, a bọ́ sẹ́yìn láti sinmi, ẹlòmíràn a sì gba ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Bí táyà ẹni ẹ̀yìn bá kan ti ẹni iwájú, ẹni ẹ̀yìn ni yóò ṣubú, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì rọ́ lù ú. Nítorí náà, ẹni iwájú kò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì lójijì. Bí ó bá rí kòtò, kí ó kígbe. Òtútù sì ń mú kí ìka gan, ìka tí ó gan kì í sì tètè tẹ bíréèkì. Ó yẹ kí a wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá ṣú, awakọ̀ kì í tètè rí kẹ̀kẹ́. Aṣọ funfun àti iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lè gba ẹ̀mí là.

Kí ẹgbẹ́ tó gbéra, kí olúkúlùkù yẹ táyà rẹ̀ wò, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa sún kì nínú òtútù. Ní ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a ń fún ní afẹ́fẹ́. Ìrọ̀rùn ńlá ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Kí wọ́n fi òrí pa ètè, kí wọ́n sì mu omi, bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ wọ́n, nítorí ọyẹ́ ń fa omi ara láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀.

Bí táyà ẹnìkan bá jò lọ́nà, gbogbo wọn ni yóò dúró. A kì í fi ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Òṣogbo mọ ẹgbẹ́ rere. Bí ogún bá jáde ní Ẹdẹ, ogún ni ó gbọ́dọ̀ padà wálé.