Ìdárayá Iṣan Ikùn àti Èémí Obìnrin Tí Ó Sanra Jù: Kí Ni Ó Yẹ Kí Á Wọ̀n?

Bí obìnrin tí ó sanra bá ru ẹrù dé ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ogun Waterside tí ó ń mí hẹlẹ, ẹnu a máa yá wa láti pè é ní ọ̀lẹ. Èrò wa nínú bébà yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbàlagbà tí ìwúwo rẹ̀ ní kílógíráàmù, tí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì, bá tó 25 ni a kà sí ẹni tí ó sanra jù. Iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ni olórí ohun tí a fi ń fa èémí sínú. Ọ̀rá inú ikùn a máa tì í sókè. Afẹ́fẹ́ tí a ṣì lè tì jáde lẹ́yìn tí a bá ti mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ a sì dín kù. Síbẹ̀, bí obìnrin náà bá fẹ́ atẹ́gùn tagbáratagbára sínú ẹ̀rọ ìwọn-èémí, èsì rẹ̀ lè dára, kí mímí sì máa ni ín lára.

Iṣan ikùn ni a fi ń ti èémí jáde nígbà ikọ́ àti iṣẹ́ agbára, nítorí náà ó yẹ kí á fún un lókun. Ṣùgbọ́n ìdárayá rẹ̀ kì í dìídì yọ́ ọ̀rá ikùn. Olùwádìí gbọ́dọ̀ wọn afẹ́fẹ́ tí a mẹ́nu bà yìí àti ìwúwo, kí ó sì ní ìsọ̀rí mìíràn tí kò ṣe ìdárayá fún àfiwé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè yin ìdárayá fún ohun tí ìwúwo tí ó dín kù ṣe.