Ìwé Ìhágún, Àkọsílẹ̀ Ilé-Ẹjọ́ àti Ìtàn Ìran: Ohun tí Etí Òkun Ìlàjẹ lè Kọ́ lára Èkó

Ní àwọn ìlú òkè, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orírun ìdílé rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí oórì. Yóò bi àgbà ilé léèrè ẹni tí a sin síbẹ̀, àgbà yóò sì dárúkọ òkú náà, ìyá tí ó bí i, àti agbo-ilé tí ìyá náà ti wá. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ọ̀nà yìí kò dájú. Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, kò tí ì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn apẹja Ìlàjẹ pàápàá kì í sábà dúró sí ojú kan. Wọ́n ń tẹ̀lé ẹja láti odò dé odò, títí dé Mákòkó ní Èkó. Bí ilẹ̀ bá ti lọ, tí àwọn onílẹ̀ sì ti ṣí, kí ni a óò fi mọ àwọn tí ó tan mọ́ ara wọn?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn àwa tí a kàwé ni pé kí a lọ wo ìwé: ìwé ìhágún, ìwé ìrìbọmi, àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́, ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀. N kò tako ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ìwé ìhágún kò jókòó láti kọ ìtàn ìran rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ó jogún òun ni ó dárúkọ. Ọmọ tí ó ti fún ní ilẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń bí i nínú lè má sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí iye ọmọ ilé, a ó sọ ọmọ bíbí inú di àjèjì.

Èkó ni a ti lè rí èyí kedere, nítorí pé níbẹ̀ ni ìdílé àwọn àtìpó ayé ìjọba amúnisìn ti fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn Sàró tí ó ti Freetown dé àti àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé ni mo ń wí. Àtìpó ni mo pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú, tàbí tí a ti kó òbí wọn. Ìlú-Ọba gba Èkó ní ọdún 1861. Òfin ilé-ẹjọ́ ọdún 1876 mú òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àṣà ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ogún ti ní ọ̀nà méjì.

Orúkọ ni ìdènà kìíní. T. B. Macaulay, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859, kò jogún orúkọ náà lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Sàró ni wọ́n ti rí i. Ẹni tí ó bá sì ń wá David Brown Vincent nínú ìwé yóò pàdánù rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1894, nítorí pé Mojola Agbebi ni ó ń jẹ́ láti ìgbà náà. Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá ṣàǹfààní jù. Bí a bá rí Ìdòwú nínú ìwé ìhágún tí a kò rí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí a má ṣe sọ pé ìbejì kò sí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú ní kékeré, kí ó má sì sí akọ̀wé kankan tí ó kà wọ́n.

Èdè ni ìdènà kejì, ó sì le ju ti orúkọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ àwọn ìwé náà, Yorùbá ni olówó fi ń ronú. Bí ó bá sọ pé "àbúrò mi," akọ̀wé gbọ́dọ̀ bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ní í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni náà kéré sí i, èyí tí í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ìyá, ọbàkan, ọmọ arákùnrin baba ẹni, gbogbo wọn lè di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni "ọmọ mi" lè jẹ́ ọmọ tí ó bí tàbí èyí tí ó tọ́. Nígbà náà ni ipò dáwódù, tí ó yẹ kí ó hàn kedere, yóò fi ara pamọ́.

Nígbà tí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹjọ́ a máa sọ̀rọ̀. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole, tí a dá ní ọdún 1898, ọkùnrin ará Èkó kan tí ó gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró kú láìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àrólé gẹ́gẹ́ bí àṣà. Opó ní ti òun àti ọmọ ni. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gba ti opó, nítorí irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Ní ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Smith àti Smith, adájọ́ mìíràn sọ pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó láti fi mọ òfin tí a óò lò. Ó yẹ kí a wo ìgbé-ayé olóògbé pẹ̀lú.

Ẹjọ́ tí ó wúlò jù fún olùwádìí ìran ni ti Dawodu àti Danmole, tí ó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni a óò fi pín in, sí ọ̀nà mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, sí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Ìdí-igi ni wọ́n gbà. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìdí-igi kò ṣeé pín láìmọ ìyá tí ó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá tí ìwé ìhágún máa ń fò dá, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Ìlàjẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1885, aṣojú ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun. Ní oṣù kẹta, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ṣe àdéhùn ààbò lé e. Nachtigal kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹrin. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọwọ́, Ìlú-Ọba sì ti gba ibẹ̀. Àwọn òpìtàn máa ń ka ìwé yìí sí pàtàkì. Fún ẹni tí ó ń wá ìdílé, ìwé tí kò kún ni: ọba kan àti oníṣòwò kan ni a rí, a kò rí àwọn ẹbí tí ń gbé orí ilẹ̀ náà.

Irú àìkún bẹ́ẹ̀ tún ṣeé ṣe nígbà tí Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1957 dé, tí a ń kọ ìdílé tí ó lè jọba àti bí wọn yóò ṣe máa tò ó sílẹ̀. Ẹ̀ka tí a kò bá dárúkọ lọ́jọ́ náà lè fi ìran púpọ̀ rojọ́ kí ó tó padà wọlé. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá dé ilé ìkówèépamọ́ ní Ìbàdàn tàbí yàrá ìwé ilé-ẹjọ́ kí ó má ṣe dúró lórí ìdájọ́ nìkan. Kí ó béèrè ìwé ẹ̀rí, níbi tí àwọn àgbà ti ń dáhùn ìbéèrè agbẹjọ́rò: ta ni ìyá rẹ, ọmọ mélòó ni ó bí, ta ni àkọ́bí, odò wo ni wọ́n sì ti ṣí wá.