Epo Mélòó Ló Kù Nínú Táǹkì? Ẹ̀kọ́ Tí Ọ̀nà Kabba Kọ́ Wa

Ìwé ìròyìn wa yìí a máa sọ fún wa ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó, àti ẹni tó ṣe òkú nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa ọkọ̀ tí a fi ń lọ sí ibi àwọn ìnáwó náà, nítorí ẹni tí kò bá dé ibi òkú, kò sí bí ó ṣe fẹ́ sọ pé òun ṣe é. Ọ̀rọ̀ mi lóòní dá lórí epo bẹntiróò inú ògbólógbòó ọkọ̀: bí a ṣe lè mọ iye tó ń jẹ, àti bí a ṣe lè mọ ibi tí yóò gbé wa dé. Ojú ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ra Honda Prelude kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 1993. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rántí irú ọkọ̀ yìí: ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀, tó gùn nímú, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe fáàrí ní Èkó nígbà kan. Ní 1978 ni Honda kọ́kọ́ gbé Prelude jáde. Ní 2001 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é, kí wọ́n tó tún jí orúkọ náà dìde ní 2025 lórí ọkọ̀ tuntun tí ń lo epo pọ̀ mọ́ iná mànàmáná. Ti ọmọ wa yìí ti àtijọ́ ni. Táǹkì rẹ̀ ń gba 60 lítà. Ó fọ̀ ọ́, ó kùn ún lọ́dà pupa, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó gbé ìyàwó.

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi papò dà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọkọ̀ tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe ìyọnu. N ó gbé ẹ̀yin àti Màmá lọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó mọ ojúṣe rẹ̀ ni.

A kúrò ní Lugbe ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ géèjì wà ní ìdajì. Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí a kún táǹkì kí a tó gba ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ìdajì táǹkì, 30 lítà nìyẹn. Lítà kan a máa gbé e rin kìlómítà mẹ́wàá. Kìlómítà 300 la ní lọ́wọ́. Kabba kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ra epo níbẹ̀." Láti Lugbe dé Lọ́kọ́ja jẹ́ bíi 180 kìlómítà, láti ibẹ̀ dé Kabba sì jẹ́ bíi 80. Ìṣirò náà yè kooro lẹ́nu. Mo gbà.

A kọjá Gwagwalada, a kọjá Abaji. Ọwọ́ géèjì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀. A dé Koton-Karfe, kò kúrò. A gorí afárá, a wọ Lọ́kọ́ja, kò kúrò. Ńṣe ni èmi àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọkọ̀. Mo ní àwọn ará Japan mà mọ ọkọ̀ ṣe o! Èrò pọ̀ ní ilé epo tí a kọ́kọ́ rí ní Lọ́kọ́ja, a kò sì dúró. Ìyàwó mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó ń ronú ìyá rẹ̀.

Bíi 30 kìlómítà sí Lọ́kọ́ja, lójú ọ̀nà Kabba, ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ọwọ́ géèjì ṣì wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ mọ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ọ̀nà wa lálẹ́. N kò ní í tún un sọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Obajana ń kọjá lára wa, ọkọ̀ wa sì ń mì. Ó tó wákàtí kan kí awakọ̀ kan tó ṣàánú wa, tó gbé ọmọ náà lọ síwájú láti wá epo. Èmi àti ìyàwó mi jókòó nínú òkùnkùn. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ kò mọ iye tó kù, ẹ wá ń yin ọkọ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ padà dé pẹ̀lú kéègì epo tí wọ́n tà fún un ní ọ̀wọ́n gógó létí títì. Aago kan kọjá kí a tó wọ Ìkọ̀lé. Wọ́n ti ká àga àìsùn. Àwọn ọmọ ìyá ti kọrin tán, wọ́n ti jó tán, ìyàwó mi tó jẹ́ àkọ́bí obìnrin kò sì sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bá wa jà. Wọ́n kàn ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

ÒPÙRỌ́ NI GÉÈJÌ

Nígbà tí a padà sí Lugbe, a mú ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ó ṣàlàyé pé inú táǹkì ni ohun kan wà tó ń léfòó lórí epo, tí apá wáyà gbé dúró. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀ ni apá náà ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí géèjì. Nínú ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, apá yìí a máa wọ́, ìdọ̀tí a máa mú un, yóò sì há síbì kan. Tiwa há sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àní nígbà tí géèjì bá tilẹ̀ dá, ọ̀pọ̀ táǹkì kò rí gbọọrọ bí àpótí. Ibòmíràn fẹ̀, ibòmíràn há. Ìdí nìyẹn tí ìdajì géèjì kì í fi í ṣe ìdajì epo ní gbogbo ìgbà.

Ó tún sọ ohun kan tí n kò mọ̀. Pọ́ǹpù epo irú ọkọ̀ yìí wà nínú táǹkì, epo náà ló sì ń tù ú lára. Ẹni tó bá ń fi ìsàlẹ̀ táǹkì rìn lójoojúmọ́, ńṣe ló ń din pọ́ǹpù rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WỌN EPO

Ẹ má fi géèjì ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí a máa ń ṣe nìyí, kò sì gba owó. Ẹ lọ sí ilé epo tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ní kí wọ́n rọ epo títí ẹnu pọ́ǹpù yóò fi dá ara rẹ̀ dúró nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún un kún. Ẹ kọ iye tí aago kìlómítà wí sínú ìwé. Ẹ máa lo ọkọ̀ títí yóò fi lo bí ìdajì táǹkì. Ẹ padà sí ilé epo náà, ẹ rọ ọ́ bí ti àkọ́kọ́. Iye lítà tó wọlé ni ọkọ̀ jẹ. Ẹ fi í pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni aago wọn ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti díẹ̀ lé ní ìdajì, ìyẹn 1.6. Bẹ́ẹ̀ náà, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, aago kò ní í ka ìrìn yín pé. Ẹ fi ìrìn inú fóònù wò ó bóyá ó bára mu.

Nígbà tí a wọn Prelude wa, lójú ọ̀nà gbọọrọ, kìlómítà mẹ́jọ péré ni lítà kan ń rìn, kì í ṣe mẹ́wàá. Láàárín Lugbe sí Area 1 láàárọ̀, nígbà tí ọ̀nà Pápákọ̀ Òfúrufú bá dí, mẹ́fà ni. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: kìlómítà 210 tí a rìn kí ọkọ̀ tó kú, bí a bá fi mẹ́jọ pín in, lítà 26 ni. A kò tilẹ̀ ní 30 lítà tí a fi ń yangàn.

OHUN TÓ Ń JẸ EPO LÓKÈ

Mẹkáníìkì ṣí ẹ́ńjìnnì, ó sì rí i pé ẹnì kan ti yọ thermostat rẹ̀ sọ nù. Èyí ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa láti yọ ọ́, pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Àṣìṣe ni. Bí ẹ́ńjìnnì oní-ínjẹ́ẹ̀tọ̀ kò bá gbóná tó, ọpọlọ ọkọ̀ yóò rò pé òwúrọ̀ ni, yóò sì máa da epo púpọ̀ sí i láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di alẹ́.

Púlọ́ọ̀gì ti jẹ tán. Afẹ́fẹ́ táyà kò tó. Bíréèkì ẹ̀yìn kan sì ń di táyà mú díẹ̀. Bí a bá fọwọ́ kan irin rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn, ó gbóná ju èkejì lọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a tún ṣe.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn sí i, kò sì pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Ẹni tó kúrò lórí 90 bọ́ sí 120, agbára afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì a máa dán ènìyàn wò láti sáré, nítorí pé ó lè sáré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pín ife-ẹ̀yẹ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

Lẹ́yìn àtúnṣe, tí ọmọ wa sì ń rọra lọ láàárín 80 sí 90, lítà kan ń rin kìlómítà mẹ́wàá àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń rin mẹ́jọ nínú ìlú.

IBI TÍ YÓÒ GBÉ WA DÉ

Táǹkì 60 lítà kọ́ ni a fi ń ṣírò. A máa ń gbàgbé lítà mẹ́wàá ìsàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí. Lítà 50 ló kù. Bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, 50 lọ́nà mẹ́jọ, kìlómítà 400 ni. Nísinsìnyí, 50 lọ́nà mẹ́wàá àti ààbọ̀, kìlómítà 525 ni. Lugbe dé Ìkọ̀lé jẹ́ bíi 330. A lè kún táǹkì ní Lugbe, kí a dé Ìkọ̀lé láìdúró ra epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni létí títì. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn, tó jìnnà ju Ìkọ̀lé lọ, gbọ́dọ̀ mọ ìlú tí yóò ti ra epo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé kéègì epo sínú búùtù pẹ̀lú ọmọ nínú ọkọ̀. Iná kò mọ ọmọ ẹni.

Ẹ tún wo owó. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé epo NNPC ní Àbújá. Kí oṣù náà tó parí, ó di 537. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti di 1,030, láti ìgbà náà ló sì ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní àlọ àti àbọ̀ Ìkọ̀lé, ìyàtọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá àti ààbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 lítà. Bí a bá fi 1,030 ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Owó aṣọ ẹbí kan nìyẹn, tí à ń sun níná lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí òpin ọdún tó dé, tí gbogbo wa yóò máa lọ sílé, kí olúkúlùkù baálé ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ iye tó wà lápò rẹ̀ kì í ná ìná àpà. Bí ọkọ̀ yín bá ti dàgbà, kò ṣe nǹkan. Àgbà tó mọ agbára rẹ̀ kì í ṣubú.

Nílé tiwa, ìyàwó mi ló ń pa ìwé náà mọ́ báyìí. Nígbà tí a lọ fún ìrántí ọdún kan ìyá rẹ̀, òun ló jókòó síwájú. Ní ilé epo ní Lugbe, ó kọ kìlómítà, ó kọ lítà, ó ṣírò rẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní, "Ó dáa. A lè máa lọ." A wọ Ìkọ̀lé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Ọ̀nà yóò là fún gbogbo wa o. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire.