Àyípadà ojú ọjọ́: ìlera ènìyàn ni ìdí àkọ́kọ́ fún ìgbésẹ̀

Àwọn kókó pàtàkì

• Àyípadà ojú ọjọ́ ń ba ìlera jẹ́ nípa ooru líle, omíyalé, ọ̀dá, ẹ̀fọn àti àìjẹunkánú.
• Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé láàárín ọdún 2030 sí 2050, nǹkan bí ènìyàn 250,000 ni yóò máa kú kún iye tí ń kú tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún nítorí àìjẹunkánú, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ooru.
• Afẹ́fẹ́ àìmọ́ ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ènìyàn láìtọ́jọ́ lọ́dọọdún.
• Gáàsì tí ń mú ayé gbóná tí ó ń jáde láti ilẹ̀ Áfríkà kò tó ìdá 4 nínú 100 ti gbogbo ayé, síbẹ̀ ìyà rẹ̀ ń jẹ àwọn ará Áfríkà gidigidi.
• Ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ tí ó lè dín gáàsì wọ̀nyí kù ni ó ń mú ìlera sunwọ̀n sí i láìpẹ́ ọjọ́.

Àkópọ̀

Bí a bá ń jó epo rọ̀bì, èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì, tí a sì ń pa igbó run, gáàsì kábọ́ọ̀nù máa ń pọ̀ sí i ní òfuurufú. Gáàsì yìí kì í jẹ́ kí ooru oòrùn tí ó ti dé ilẹ̀ ráyè padà sókè. Ṣe ni ó dà bí ẹni fi kúbùsù bora nínú ooru. Ìdí nìyí tí ayé fi ń gbóná, tí òjò fi ń yẹ ìgbà rẹ̀, tí ọ̀dá sì ń pẹ́.

Iná kan náà tí ó ń mú ayé gbóná ni ó ń rú èéfín sí wa nímú. Èéfín ọkọ̀, ẹ̀rọ amúnáwá àti ààrò ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wa lónìí. Nítorí náà, ìlú tí ó bá dín èéfín kù yóò jèrè lẹ́ẹ̀mejì: ara àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò le, ojú ọjọ́ ọ̀la yóò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ooru líle

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru dé ìwọ̀n 48.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ìlú Kayes ní orílẹ̀-èdè Mali. Láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 4 oṣù náà, ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ka ikú ènìyàn 102. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ. Àkókò ààwẹ̀ Ràmàdánì ni, iná mànàmáná kò sì dúró. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé irú ooru bẹ́ẹ̀ kì bá tí wáyé bí kò bá sí àyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà.

Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí òógùn kò bá tó mọ́, ọkàn yóò máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, omi ara yóò gbẹ, kíndìnrín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí daṣẹ́ sílẹ̀. Ewu náà pọ̀ fún àwọn àgbà, ọmọ ọwọ́, aboyún, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín.

Bí ara ẹnì kan bá gbóná janjan nínú ooru, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un tàbí tí ó dákú, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, ẹ fi omi tútù rin ín, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe fi omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Omíyalé, omi àìmọ́ àti ẹ̀fọn

Ní ọdún 2022, omíyalé gbẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau já ní ìpínlẹ̀ Borno. Omi bo apá ńlá nínú ìlú Maiduguri, kò sì yọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀.

Bí omi bá ti bo ilẹ̀, ohun tí ó wà nínú ṣáláńgá yóò ṣàn wọ inú kànga. Àrùn onígbáméjì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n omi iyọ̀-òun-ṣúgà tí a bá tètè fún aláìsàn ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Níbi tí kò bá ti sí èyí tí a dì sínú àpò, ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà tí a rẹ́ lórí àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ mọ́ lítà kan omi tí a sè tí ó ti tutù. Kí aláìsàn máa mu ún bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Omi tí ó dá rogún lẹ́yìn òjò ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, ooru sì ń mú kí kòkòrò ibà tètè dàgbà nínú rẹ̀. Nàìjíríà nìkan ni ó ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àìsàn ibà gbogbo ayé.

Èéfín ìdáná

Nǹkan bí bílíọ̀nù 2.1 ènìyàn ṣì ń fi igi, èédú, ìgbẹ́ ẹran tàbí kẹrosíìnì dáná. Ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn, àwọn tí ó ju 237,000 nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Èérún kéékèèké inú èéfín máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé, àti àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún àgbà. Ìyá tí ń dáná àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ni ó ń fà á símú jù.

Iná mànàmáná tí a rí láti ara oòrùn wà lára èyí tí ó mọ́ jù lọ. Gáàsì ìdáná pàápàá ń wá láti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kéré gan-an sí ti igi. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a, kí ó lo igi gbígbẹ, kí ó dáná níta tàbí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó sì gbé ọmọ jìnnà sí ààrò. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ amúnáwá sínú ilé tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé rárá.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe

• Bí ọmọ bá ń wúkọ́ léraléra, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń dáná nílé.
• Kí oṣù ooru tó dé, ẹ mọ àwọn àgbà àti aláìsàn tí ó ń dá gbé ní àdúgbò yín. Ẹ tún oògùn àwọn tí ń lo oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ yẹ̀ wò. Kí aláìsàn má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.
• Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó omi iyọ̀-òun-ṣúgà, zinc àti oògùn ibà pamọ́ síbi tí omi kò lè dé.
• Ẹ tètè fi tó àwọn aláṣẹ létí bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń pọ̀ sí i.
• Ẹ sọ ohun tí ẹ ń rí fún àwọn aṣòfin àti olórí ìlú. Àwọn ènìyàn fọkàn tán yín.

Ojúṣe ìjọba àti iṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé

Nàìjíríà ṣe òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́ ní ọdún 2021, ó sì ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2060, gáàsì tí òun ń tú jáde kò ní ju èyí tí òun ń fà padà lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè tí gáàsì wọn pọ̀ jù ni ẹrù yìí wúwo fún jù. Ní ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní Dubai ní ọdún 2023, a ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìlera fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbé òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ mímọ́ kalẹ̀, ó sì ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti kọ́ ilé ìwòsàn tí omíyalé àti ooru kò ní lè sọ di ahoro ní ọjọ́ tí àwọn aláìsàn nílò rẹ̀ jù lọ.