Téèpù Nìkan Kò Tó Láti Fi Mọ Bí Ilẹ̀ Ti Tóbi Tó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tí ó wà ní ìdálẹ̀, ìbáà ṣe ní Kaduna, ní Jos tàbí ní Minna, ni ó ń ra ilẹ̀ láti fi kọ́lé. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni kí wọ́n na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ̀gbẹ́ méjì bá jẹ́ mítà 30, tí méjì yòókù sì jẹ́ mítà 15, èyí tí ó súnmọ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, wọn a gbà pé pulọ́ọ̀tì náà pé. Ó ṣeé ṣe kí ó má pé rárá.

Ẹ wo férémù onípákó tí ìṣó rẹ̀ ti dẹ̀. Bí a bá tì í, yóò wọ́. Pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kúrú sí i, ṣùgbọ́n àlàfo inú rẹ̀ ti dínkù.

Ìwé àwòrán tí awọnlẹ̀ ń yà ni ó ń tú àṣírí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni igun kọ̀ọ̀kan ní níbẹ̀: ọ̀kan fún ìhà ìlà-oòrùn, èkejì fún ìhà àríwá. (Ibùdó ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní L40, ní Minna, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́.) Ẹ jẹ́ kí a sọ pé igun mẹ́rin náà jẹ́ 500 àti 200, 530 àti 200, 539 àti 212, 509 àti 212. Kí a yọ 500 kúrò nínú ti ìlà-oòrùn, kí a sì yọ 200 kúrò nínú ti àríwá. Ńṣe ni a kàn ṣí ilẹ̀ náà nípò, títóbi rẹ̀ kò yí padà. Ó wá di 0 àti 0; 30 àti 0; 39 àti 12; 9 àti 12.

Ẹ̀gbẹ́ tí ó wọ́ ńkọ́? 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Àpapọ̀ wọn, 225, ni 15 lọ́nà 15. Téèpù kò parọ́.

Nísinsìnyí, kí a fi nọ́ńbà ìlà-oòrùn igun kọ̀ọ̀kan sọ nọ́ńbà àríwá igun tí ó tẹ̀lé e di púpọ̀, kí a sì yọ ìlà-oòrùn ti èyí tí ó tẹ̀lé e lọ́nà àríwá ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, a óò rí 0, 360, 360 àti 0. Àpapọ̀ jẹ́ 720. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 360. Bẹ́ẹ̀ ni mítà onígunmẹ́rin 450 ni ẹni tí ó rà á rò pé òun sanwó fún! Ìdá kan nínú márùn-ún ti fò lọ. Meister, ará Jámánì, ti tẹ ọ̀nà ìṣirò yìí jáde láti 1769.

Àwọn ọmọ tí ó ti kọ́ mátíríìsì ní ilé-ìwé girama lè gé e kúrú: 30 àti 9 ní ìlà òkè, 0 àti 12 ní ìlà ìsàlẹ̀. 30 lọ́nà 12, kí a yọ 9 lọ́nà 0, ó di 360 lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Arthur Cayley kọ ìwé rẹ̀ lórí mátíríìsì ní 1858, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni ó ń ṣe jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé títa àti ríra ohun-ìní ni ó sì ń kọ.

Ẹni tí kò ní ìwé àwòrán lọ́wọ́ lè na téèpù láti igun dé igun tí ó kọjú sí i. Bí ilẹ̀ bá dúró ṣánṣán, ìdábùú méjèèjì yóò jẹ́ nǹkan bí mítà 33.5. Nínú èyí tí a ṣírò yìí, ọ̀kan lé ní 40, èkejì kò ju 24 àti díẹ̀ lọ.