Jẹjẹrẹ ọyàn: ẹ béèrè ní ìdílé bàbá náà

Ní ọjà Ìsinkàn l'Ákùrẹ́, ẹ ò ní pẹ́ rí ìyálọ́jà tó máa ki náírà bọ inú kọ́mú bí oníbàárà bá ti sanwó tán. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Kò sí ìwádìí kankan tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì lọ̀rọ̀ wà. Ojoojúmọ́ ni DNA, okùn tín-ín-rín tí àwọn jíìnì wà lórí rẹ̀, ń já nínú ara wa, àwọn jíìnì kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún un so. BRCA1 àti BRCA2 wà lára wọn. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni wọ́n: wọ́n á wo ẹ̀dà DNA tí kò já, wọ́n á fi ṣe àwòṣe, wọ́n á sì rán èyí tó já bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ọmọṣẹ́ tó kàn ń fa etí méjì pọ̀ ni ara máa pè.

Ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹni tó jogún ọ̀kan tó bàjẹ́ kò tíì ní jẹjẹrẹ, torí èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èkejì náà bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọyàn kan ni àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn. Bó bá wá kan TP53, jíìnì tó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì náà á máa pín ṣáá títí á fi di kókó. Kókó ọ̀hún kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í tètè kà á sí.

Láti 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn yìí. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2018, obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn àti 997 tí kò ní in ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó jogún jíìnì tó bàjẹ́. BRCA1 nìkan kó 7. Láàrin àwọn tí ara wọn le, kò tó 2. Ìyẹn ni pé nǹkan bí 85 ò jogún irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa pe gbogbo rẹ̀ ní àìsàn ìdílé.

Síbẹ̀, mímọ̀ bóyá èèyàn jogún BRCA tó bàjẹ́ ní èrè. Oògùn kan wà, olaparib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ọyàn àwọn tó jogún un ní 2018. Ọ̀nà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà tún DNA so ló ń dí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí BRCA rẹ̀ ti bàjẹ́ kò wá ní ọ̀nà àbáyọ, ó kú. Ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, ó sì dìgbà tí àyẹ̀wò bá ti fi jíìnì náà hàn.

Àṣírí ló ń bá wa jà. Betty Anyanwu-Akérédolú, ìyàwó gómìnà Oǹdó nígbà kan, ní àrùn yìí ní 1997, ó sì sọ ọ́ síta, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Bí dókítà bá sì béèrè bóyá ẹnì kan ti ní in rí nínú ẹbí, ìyá àtàwọn ẹ̀gbọ́n ìyá la máa ń kà. Ta ló ń dárúkọ ìyá bàbá? Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó bá ní BRCA2 tó bàjẹ́ lè gbé e fún ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí kókó má sì yọ lára òun fúnra rẹ̀ láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú kí jẹjẹrẹ próstéètì tètè mú un.

Nínú ilé olórogún, èyí kì í ṣọ̀rọ̀ kékeré. Bí ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó kejì bá ní jẹjẹrẹ ọyàn, orogún ni ẹnu aráyé kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Bàbá kan náà ló sì bí àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni jíìnì náà ti wá, ọ̀kan nínú méjì ni ṣíṣeéṣe pé ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún rẹ̀, ìyá yòówù kó bí i. Torí náà, bí àyẹ̀wò ẹnì kan bá ti jáde bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo obàkan gbọ́, títí kan àwọn tí wọn kì í kí ara wọn.