Sítóòfù onígi àbí ti iná mànàmáná: Èwo ló yẹ ilé yín ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ra ilé àtijọ́ sí ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló máa ń bá ibi ìdáná kan tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Kì í ṣe fún ọbẹ̀ sísè. Ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ gbé ilé náà ti ń yáná nígbà òtútù. Ní báyìí tí owó ìmúlégbóná ti di ẹrù wúwo lọ́rùn ọ̀pọ̀ ẹbí, onílé á máa rò ó bóyá sítóòfù tó ń lo igi ni kí òun gbé síbẹ̀, tàbí èyí tó ń lo iná mànàmáná. Àwọn àgbà sì sọ pé ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí èèyàn ń gbé ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó wo ẹwà iná.

Àpótí irin tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì ni sítóòfù onígi. Inú rẹ̀ ni igi ti ń jó, tí èéfín sì ń gba ọ̀pá irin kọjá sínú ihò èéfín ilé, kó tó jáde lókè òrùlé. Ó sàn púpọ̀ ju iná tí wọ́n dá sílẹ̀ gbalasa lọ, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru iná gbalasa ló ń bá èéfín gòkè lọ, nígbà tí sítóòfù tó dára ń fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru igi sílẹ̀ fún iyàrá. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, yóò ṣì máa mú ilé gbóná.

Èéfín ni ìṣòro rẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi igi dáná, tí atẹ́gùn sì ń gbé èéfín rẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ilé fara kan ilé. Nínú èéfín igi ni àwọn èérún tí ojú kò lè rí wà, èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5. Wọ́n ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jinlẹ̀, wọ́n sì léwu jù fún àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó àti àwọn tó ní ásímà. Nígbàkugbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù láti fi igi kún un, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa tú sínú iyàrá.

Ìjọba ibẹ̀ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ èéfín. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1952, èéfín èédú dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó sì bo Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa tó 4,000. Àwọn onímọ̀ tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ní ó ṣeé ṣe kó tó 12,000. Òfin ọdún 1956 ló tẹ̀lé e, òun ló sì fún àwọn káńsù lágbára láti ká èéfín lọ́wọ́ kò ládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló wà lábẹ́ irú òfin yìí lónìí. Sítóòfù tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni èèyàn lè fi jó igi níbẹ̀, ẹni tí èéfín bá sì ń rú láti òrùlé rẹ̀ lè san owó ìtanràn láti 175 sí 300 pọ́n-ùn.

Wọ́n ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Nínú sítóòfù, igi tútù ni. Láti oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kí wọ́n ta igi tútù ní ìdì kéékèèké mọ́. Omi inú igi náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ohun tó lè gba ẹ̀mí ni gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Bí ihò èéfín bá dí, ó lè pa àwọn tó ń sùn láìjí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníṣẹ́ gbá ihò náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí aago ìkìlọ̀ gáàsì yìí sì wà nínú iyàrá. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò èédú wọ inú ilé láti fi yáná.

Ní ti sítóòfù oníná mànàmáná, kò ní èéfín, kò ní eérú, kò sì nílò ihò èéfín. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ kì í ṣe iná gidi. Títàn gílóòbù ni. Owó tí wọ́n fi ń rà á kéré sí ti onígi, tó nílò oníṣẹ́ àti ọ̀pá irin. Ṣùgbọ́n owó iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo kílówáàtì 2. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 25, wákàtí kan yóò jẹ́ pẹ́ńsì 50. Ẹni tó bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́ yóò san 60 pọ́n-ùn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Yúníìtì gáàsì wọ́n kéré sí ti iná mànàmáná púpọ̀, nítorí náà, iyàrá kan fún ìgbà díẹ̀ ni sítóòfù yìí wà fún, kì í ṣe gbogbo ilé. Ara ògiri gan-an ni kí wọ́n ti ki í bọ iná, kì í ṣe ara wáyà alásomọ́ tí wọ́n ń pè ní extension.

Bí ilé bá ní ihò èéfín tó yè kooro, tí onílé ní ibi tí yóò kó igi gbígbẹ sí, tí kò sì sí ẹni tí èéfín ń yọ lẹ́nu nínú ilé, sítóòfù onígi tí ìjọba fọwọ́ sí lè bá a mu. Bí ó bá jẹ́ fúláàtì ni, tàbí tí ọmọ tó ní ásímà bá wà nílé, ti iná mànàmáná ló dára jù. Ayálégbé ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kó béèrè lọ́wọ́ káńsù àdúgbò rẹ̀ ohun tí òfin gbà níbẹ̀.